Kí Ojú Ọmọ Ó Hàn

Ẹ gba ìwé ìròyìn ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ yín lọ́jọ́ kan, pàápàá irú èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ fọtokọ́pì tẹ̀, kí ẹ ṣí i sí ojú-ewé tí fọ́tò wà. Ẹ ó rí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó mọ́ kedere. Ẹ ó rí ògiri kíláàsì, ẹ ó rí ife ẹ̀yẹ tí wọ́n gbà níbi eré ìje. Ojú ọmọ tó gba ife náà ńkọ́? Ó ti ṣú dùdù lórí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Ìyá rẹ̀ á gbé ìwé náà sún mọ́ iná, á ní, "Ṣé ìwọ nìyí?" Ọmọ á ní, "Èmi ni, mọ́mì." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí wọra. Ọmọ tó sáré tó fi gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kò yẹ lẹ́ni tí yóò tún máa jẹ́rìí ara rẹ̀ lójú ìyá tó bí i.

Fọ́tò ni iṣẹ́ tí mo kọ́. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Mọ́kọ́lá, nígbà tí fíìmù ṣì wà lójà, tí a ṣì ń wọ yàrá òkùnkùn lọ fọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gba fúrídọ̀ọ̀mù kí iṣẹ́ tó gbé mi wá sí Àbújá. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan báyìí tí mo ti ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ oníròyìn ní ilé-ìwé girama kan lágbègbè Idu ṣiṣẹ́. Sáà kọ̀ọ̀kan ni ìwé ìròyìn wọn ń jáde. Àwọn ọmọ náà mọ̀wé kọ, wọ́n gbọ́n, wọ́n sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ débi tí ọ̀rọ̀ á fi sú àgbà. Ibi fọ́tò nìkan ni iṣẹ́ wọn ti ń mẹ́hẹ, ibẹ̀ náà ni mo sì jókòó tì.

Ẹni tó bá mọ Àbújá ní Maitama àti Wuse nìkan kò tíì mọ Idu. Àwọn ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí ló pọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NIPRD wà, ibẹ̀ náà sì ni ibùdó rélùwéè tí ọkọ̀ Kàdúná ti ń gbéra. Karmo wà nítòsí pẹ̀lú ọjà rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku rẹ̀ á bà lé ewé, á bà lé ògiri, á sì sọ bàtà funfun ọmọ ilé-ìwé di aláwọ̀ amọ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n nínú kíláàsì kan ṣoṣo ẹ ó bá ọmọ Haúsá, ọmọ Ígbò, ọmọ Tiv, ọmọ Ígálà àti ọmọ Yorùbá. Àwọ̀ ara wọn kò dọ́gba. Àwọn kan pọ́n, àwọn kan jẹ́ adúmáadán, àwọn tó pọ̀ jù wà láàárín méjèèjì. Fọ́tò kan náà ló sì gbọ́dọ̀ gba gbogbo wọn láìfi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sínú òkùnkùn.

Owó ló sọ ìwé wọn di dúdú-àti-funfun. Bébà A4 tí wọ́n ká sí méjì ni, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, owó tí àwọn òbí ń dá kò sì lè ká iṣẹ́ aláwọ̀. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ka èyí sí ìyà, torí gbogbo ohun tí wọ́n ń wò lórí fóònù ló ní àwọ̀ tó ń ta yanran. Èmi ò bá wọn gbà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá bu àwọ̀ kúrò lára fọ́tò, ohun tó kù ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà lé àti ibi tí kò dé. Fọ́tò aláwọ̀ lè gbára lé ankárá aláràbarà tàbí ọ̀run tó mọ́ láúláú, kí ẹni tó ń wò ó má sì rí i pé ojú ènìyàn inú rẹ̀ kò hàn. Dúdú-àti-funfun kò ní ibi tí yóò sá sí. Bí ojú kò bá hàn, kò sí fọ́tò.

Àwọn kan gbà pé àwọ̀ ara wa ló ń fa òkùnkùn yẹn. Irọ́ gbáà ni. Ohun kan wà nínú kámẹ́rà, ó sì wà nínú fóònù bákan náà, tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ògiri. Ohunkóhun tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀, ó gbà pé bí àwọ̀ eérú ló yẹ kó rí, eérú tó wà ní agbedeméjì funfun àti dúdú. Ìdá 18 nínú 100 ni àwa oníṣẹ́ ń pè é, torí pé ohun tó bá ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e padà. Ẹ wá mú ọmọ tó dúdú, ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún un, ẹ gbé e síwájú ògiri funfun. Funfun ló gba gbogbo ojú kámẹ́rà. Kámẹ́rà á gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á wọ́ gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ títí ògiri á fi di eérú. Ojú ọmọ tí kò funfun tẹ́lẹ̀ á wá rì. Lóòótọ́ ni àwọn fóònù òde òní ń gbìyànjú láti wá ojú fúnra wọn, ṣùgbọ́n fóònù pọ́ọ́kú tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sábà rí ojú tó bá ti wà nínú ibòji.

Ọ̀gá mi ní Mọ́kọ́lá ní gbólóhùn kan tó máa ń sọ fún gbogbo ọmọṣẹ́: "Ojú ni kó o wọ̀n, má wọn ògiri." Á rìn sún mọ́ oníbàárà, á gbé ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á wò ó, á padà sẹ́yìn kámẹ́rà, kò sì ní bìkítà fún ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí aṣọ títa ẹ̀yìn. Gbólóhùn yẹn náà ni mo gbé lọ sí Idu. Ẹ kúrò níwájú ògiri funfun. Ẹ wá ẹ̀yìn tó ṣú díẹ̀, bí ẹnu ọ̀nà kíláàsì tó ṣí sílẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò, tàbí pátákó ìkọ̀wé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Kí ọmọ kọ ojú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Kí ẹni tó ń yà á fi ìka tẹ ojú ọmọ náà lórí fóònù, kó di ìka mú síbẹ̀ títí yóò fi tì í pa, kó wá fà á sókè díẹ̀ kí ojú lè mọ́. Bí ṣẹ́ẹ̀tì bá wá funfun ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí òbí tó ra ìwé ìròyìn nítorí ṣẹ́ẹ̀tì.

Ojúsàájú wà nínú ìtàn iṣẹ́ yìí, kò sì yẹ ká fi bò fún ọmọ. Láti àwọn ọdún 1950 ni Kodak ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò aláwọ̀. Àwòrán obìnrin òyìnbó kan ló wà lára rẹ̀, Shirley ni wọ́n sì ń pè é. Àwọ̀ ara Shirley ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá fọ́tò dára. Lorna Roth, ọ̀mọ̀wé kan ní Kánádà, ti kọ ọ́ síta pé nígbà tí Kodak wá tún fíìmù rẹ̀ ṣe kó lè fi ìyàtọ̀ oríṣiríṣi àwọ̀ igi àti ilẹ̀ hàn, ariwo àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń ṣe àga onígi wà lára ohun tó sún un ṣe é. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí èyí. Ní 2021, Google gbé Real Tone jáde lórí fóònù Pixel 6, pé kí àwọ̀ ara àwọn ènìyàn dúdú lè jáde bó ṣe rí gan-an. Ohun tó dára ni. Àmọ́ kò sí Pixel lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, kí Google tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí ọ̀rọ̀ náà ni àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ilẹ̀ wa sì ti mọ bí a ṣe ń ṣe é, pẹ̀lú fíìmù dúdú-àti-funfun lásán.

Ẹni tí mo máa ń kọ́kọ́ fi han àwọn ọmọ náà nínú wọn ni J.D. 'Okhai Ojeikere. Ilẹ̀ Emai ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni wọ́n bí i sí ní 1930. Ní 1950 ló ra kámẹ́rà Brownie kan. Ní 1954 ló rí iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ yàrá òkùnkùn ní ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba n'Íbàdàn. Ó bá tẹlifíṣọ̀n WNTV ṣiṣẹ́, ó lọ sí Èkó, ó dá sítúdíò tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1975. Ní 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀: yíya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ó yà á títí tó fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan fọ́tò, ní dúdú-àti-funfun. Ní 2013, ọdún kan kó tó kú, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Venice.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń kọ sí wa, ojú kò sí níbẹ̀. Irun dúdú lórí àwọ̀ tó dúdú, síbẹ̀ kò sí ohun tó pa mọ́. Ẹ ó rí ìlà tí òòyà là sí àárín orí, ẹ ó rí bí òwú ṣe yí irun po kí ó tó dìde bí onílé gogoro, ẹ ó rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kọ mànà sórí irun àti ibi tó ti rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn etí, ẹ ó rí irun wẹ́wẹ́ ọrùn tí onídìrí kò rí mú. Ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti wá, kì í ṣe iwájú gbọn-ọn. Ohun tí fọ́tò yẹn ń kọ́ ọmọ ni pé dúdú kan kò jọ dúdú kejì. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún ọmọ tuntun nínú ẹgbẹ́ kì í ṣe ojú rárá. Mo máa ń ní kó lọ ya ṣùkú ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó má sì padà wá títí yóò fi lè ka ìlà orí náà lórí bébà tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ọmọ tó bá lè ya irun dúdú kó hàn, ojú kò ní ṣòro fún un.

Láàárín Yorùbá, fọ́tò kì í ṣe ohun ìṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975 láti wo bí àwọn onífọ́tò ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì kọ ohun tó rí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ó rí i bí àgbà ṣe máa ń jókòó tó bá fẹ́ ya fọ́tò: á kọjú sí kámẹ́rà gangan, á tẹ́ agbádá sílẹ̀ rẹrẹ, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ó tún rí ohun kan tó wọ̀ mí lára nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìní fọ́tò, wọ́n á gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Onífọ́tò á ya á, á sì tẹ àwòrán rẹ̀ ní méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ takọ-tabo, èyí tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, á ya fọ́tò, á tún wọ aṣọ èkejì, á tún ya òmíràn. Fọ́tò yẹn ló ń dúró ní ipò ère ìbejì. Àwọn tó gbà pé fọ́tò lè dúró dípò ènìyàn kò ní fojú kékeré wo fọ́tò tí ojú rẹ̀ ti ṣú. Èmi náà ò lè fojú kékeré wò ó.

Ọ̀rọ̀ oòrùn Àbújá wá nìyí. Nǹkan bí ìwọ̀n 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni ìlú náà wà. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní àárín oṣù Kẹrin àti ní ìparí oṣù Kẹjọ, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró ṣánṣán lórí wa, àwọn ọ̀sẹ̀ tó yí wọn ká náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn. Ẹ ya ènìyàn ní ìta gbangba ní aago méjìlá irú àkókò bẹ́ẹ̀: iwájú orí á máa tàn, ihò ojú á ṣófo, imú á ju òjìji dúdú sórí ètè. Aago méjìlá yìí gan-an ni wọ́n sì máa ń fún ọmọ ní ẹ̀bùn níbi eré ìje. Ohun tí a ń ṣe ni pé a máa ń bẹ ọmọ náà kó bọ́ sí etí kánópì lẹ́yìn tó bá gba ẹ̀bùn rẹ̀ tán, sí inú ibòji, kó kọ ojú síta. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta sókè láti ilẹ̀ á wọ inú ojú rẹ̀. Àsẹ́ńbílì àárọ̀ tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti ọ̀nà aṣálẹ̀ á gba gbogbo ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á wá rọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo àtùpà. Òjìji tó le kò sí mọ́, a lè ya ojú níbikíbi nínú ọgbà ilé-ìwé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wàhálà kan ló wà níbẹ̀: ara máa ń fún lásìkò ọyẹ́, ojú tó bá sì fún kì í dán. Ojú dúdú nílò dídán díẹ̀ nínú fọ́tò aláìláwọ̀, torí ibi tó ń dán ni a fi ń mọ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ, ibi tí àgbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ ló máa ń mú Vaseline dání sínú báàgì rẹ̀ báyìí. Bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà bá ti jókòó, á nà án sí i, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi kan ojú yín díẹ̀." Tíṣà ìṣirò tó gbà pé kí wọ́n ya òun fi kan ojú rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ sì wà lára èyí tó dára jù tí wọ́n tíì tẹ̀.

Títẹ̀ fúnra rẹ̀ tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá 1859, kò tíì sí ọ̀nà tí ìwé ìròyìn fi lè tẹ fọ́tò pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ó di 1880 kí Daily Graphic ti New York tó tẹ fọ́tò nípa fífọ́ ọ sí tótòtó kéékèèké: ibi tí tótó bá ti tóbi, ojú á rí i bíi dúdú, ibi tó bá ti kéré, á rí i bí eérú. Títí dòní, ọ̀nà yẹn náà ni. Ìyọnu rẹ̀ ni pé yíǹkì máa ń fẹ̀ lórí bébà pọ́ọ́kú, tótó á tóbi ju bó ṣe yẹ, gbogbo fọ́tò á sì ṣú ju bí ẹ ṣe rí i lórí fóònù lọ. Fọtokọ́pì tún burú jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ti ń súnmọ́ dúdú, á kúkú sọ ọ́ di dúdú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ojú mọ́ lórí fóònù kọjá ibi tí ọkàn yín sọ pé ó tó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ tẹ ewé kan ṣoṣo wò lórí ẹ̀rọ tí yóò tẹ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí a ń lò ti mọ̀ wá; kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mọ́ láìjẹ́ pé ọmọ kan ti gbé ewé àkọ́kọ́ jáde sí oòrùn lọ wò.

Sísọ fọ́tò aláwọ̀ di dúdú-àti-funfun kì í ṣe ká kàn tẹ bọ́tìnnì kan. Ìlànà tó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ni pé kó mú nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 láti ara pupa, 59 láti ara àwọ̀ ewé, 11 péré láti ara búlúù. Pupa ló sì pọ̀ jù nínú àwọ̀ ara wa, bó ṣe pọ̀ nínú ilẹ̀ Idu. Tí a bá gba ìlànà yẹn bó ṣe wà, ojú ọmọ àti ilẹ̀ tó dúró lé á jọ ṣú. Àwọn áàpù tó ń tún fọ́tò ṣe máa ń jẹ́ kí a fa pupa sókè fúnra rẹ̀. Ẹ fà á, ẹ ó sì rí i bí ojú ṣe ń là bọ̀. Níbi eré ìje ni àwọn ọmọ ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ilé pupa àti ilé àwọ̀ ewé jọ wọ tépù pọ̀ nínú eré onígi, fọ́tò náà sì dùn ún wò, àmọ́ nígbà tó di eérú tán, aṣọ méjèèjì di ọ̀kan náà, kò sẹ́ni tó mọ ilé tó borí. Ojú àwọn sárésáré náà ló gbà wọ́n sílẹ̀, torí ojú hàn, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì mọ ara wọn.

Bí ẹ bá ní kí ọmọ Idu lọ ya fọ́tò kúrò nínú ọgbà, rélùwéè ló máa sáré lọ yà. Mi ò bá wọn wí. Ní 26 oṣù Keje 2016 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ọ̀nà rélùwéè Àbújá sí Kàdúná, kìlómítà 186.5, láti Idu dé Rigasa; ní 2018 ni ti ìgboro Àbújá tó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú náà bẹ̀rẹ̀, ó sì gba Idu kọjá. Àwọn ọmọ wọ̀nyí dàgbà pẹ̀lú ìró fèrè ọkọ̀ náà. Wọ́n sì rántí 28 oṣù Kẹta 2022, tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ Kàdúná, tí wọ́n pa ènìyàn tí wọ́n sì jí ọ̀pọ̀ gbé lọ. Ọkọ̀ náà kò tún rìn títí di oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ọmọ kan ní SS2 fẹ́ ya iwájú ọkọ̀ fún ìwé ìròyìn wọn. Tíṣà tó ń bójú tó ẹgbẹ́ ti gba àṣẹ, wọ́n sì ti sọ ibi tí a lè dúró sí fún wa. Mo ní kó ya iwájú ọkọ̀ náà tán, kó wá yíjú padà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó wá pàdé èrò wà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó kọ ojú sí ibi tí àwọn èrò ń gbà jáde, ìmọ́lẹ̀ sì ń bọ̀ lára rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Fìlà rẹ̀ ti rọ́ sẹ́yìn. Ó di fóònù mú láìwò ó. Ọmọ náà lọ bá a, ó kí i, ó sọ fún un pé ìwé ìròyìn ilé-ìwé ni, ọkùnrin náà sì ní kò burú. Ó padà sí bó ṣe dúró tẹ́lẹ̀, ó ń retí ẹni rẹ̀. Fọ́tò yẹn ni a lò. Ẹni tó bá ti dúró de ẹnì kan ní ibùdó yẹn láti 2022 wá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ojú ọkùnrin náà fún un.

Mo ń tẹnu mọ́ gbígba àṣẹ gidi gan-an. Ẹnu ọ̀nà Karmo ni a wà lọ́jọ́ kan tí obìnrin Gbagyi kan ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù igi ìdáná. Èjìká ni àwọn obìnrin Gbagyi fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e lé orí. Gbogbo kámẹ́rà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ Gbagyi nínú wọn ló dá wọn dúró, ó lọ bá obìnrin náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fi èdè wọn bá a sọ̀rọ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó dá a lóhùn, ó sì tọ́ka sí ọmọ náà nìkan. Bí ó ṣe jẹ́ pé òun nìkan ló ya fọ́tò yẹn nìyẹn: ọrùn tó tẹ̀ sí apá òsì kí igi lè rí ibi jókòó, aṣọ tí ó ká sábẹ́ ẹrù, iṣan ọrùn, ojú tó kọ sí ọmọ tó mọ èdè rẹ̀. Kò sí àjèjì tó lè rí ojú yẹn gbà. Nígbà tí a padà sí kíláàsì, mo mú owó ₦20 kan jáde láti fi Ladi Kwali hàn wọ́n, ọmọ Gbagyi láti Kwali nínú FCT níbí, tó fi amọ̀ mímọ gba orúkọ káàkiri ayé. Àwòrán ibi tó ti ń mọ ìkòkò ló wà lẹ́yìn owó náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ná owó yẹn láìmọye ìgbà láìwo ẹni tó wà lára rẹ̀.

Orúkọ ló tẹ̀lé ojú. Fọ́tò kan kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé ìròyìn wa láìsí orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, bí ẹni náà fúnra rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́. Ọmọ Tiv kan ti ka iye ọ̀nà tí àwọn tíṣà ti gbà ṣi orúkọ rẹ̀ kọ fún wa. Nínú ìwé ìròyìn yìí, òun ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò sí bí iṣẹ́ ṣe lè pọ̀ tó tí yóò fi di "àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan" ní abẹ́ fọ́tò.

Ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń le ni ojú-ewé àkọ́kọ́. Àṣà tí wọ́n bá nílẹ̀ ni pé àlejò pàtàkì tó wá síbi ayẹyẹ ni wọ́n ń gbé síwájú, pẹ̀lú ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn olóyè lórí àga onítìmùtìmù. Mi ò kórìíra àlejò pàtàkì. James Barnor, onífọ́tò kan ní Accra, ya Kwame Nkrumah, ó sì ya àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní sítúdíò Ever Young ní Jamestown. Kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n àlejò pàtàkì ní fọ́tò púpọ̀ nílé. Ọmọ tó borí eré ìje lè má ní ju páàsípọ́ọ̀tù tó lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ìdánwò lọ. Mo sọ èrò mi, mo sì fi í sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n jà sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Olóòtú wọn, ọmọbìnrin SS3 tí kì í pariwo, ló lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ jẹ́ kí àlejò wà ní ojú-ewé kejì." Ọ̀gá gbà. Láti ìgbà yẹn ni ojú-ewé àkọ́kọ́ ti di ti àwọn ọmọ.

Sáà tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ ya àwọn òṣìṣẹ́ tí kò tíì wọ ìwé náà rí: àwọn ìyá tó ń dáná, ẹni tó ń gbá ọgbà, àti mégádì. Mégádì ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó dúdú, kò sì fẹ́ràn kámẹ́rà, ó ní gbogbo fọ́tò tí wọ́n ti ya òun rí, eyín òun nìkan ló ń hàn. Àwọn ọmọ ti gbé ọ̀kan nínú fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ lọ hàn án, ti tíṣà ìṣirò tó dúdú bíi tirẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó wá béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kí òun dúró sí. Ẹnu yàrá rẹ̀ ni wọ́n fà á lọ wò, torí inú yàrá ṣú, òjìji òrùlé sì bo ẹnu ọ̀nà láàárọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ní àwọn lè wá, kí òun tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, nígbà tí òun bá ti wọ babaríga.